Fóònù wo, áàpù wo? Ìfiwéra fún òbí àti olùkọ́ tó fẹ́ kí ọmọ mọ Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́yìn ìpàdé òbí àti olùkọ́ sáà tó kọjá, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà lọ́jà, ìyẹ̀fun ṣì wà létí ìró rẹ̀. Ó yọ fóònù tuntun kan jáde nínú ọ̀rá dúdú, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nǹkan tó máa kọ́ ọmọ yìí ní òyìnbó sínú ẹ̀." Ọmọ rẹ̀ wà ní SS2, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń jókòó sẹ́yìn tí kì í lanu sọ̀rọ̀. Mo bi í pé, "Ìyá, ibo ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń dà á láàmú? Ṣé kò lè kà á ni, àbí kò lè sọ ọ́, àbí kò lè kọ ọ́?" Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ni?"

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo padà sọ fún un ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Mo kàn fẹ̀ ẹ́ sí i kó lè wúlò fún òbí mìíràn, fún olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, àti fún ẹni tó ń dá ara rẹ̀ kọ́.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń dun ọmọ. Ọmọ Yorùbá ní àwọn ibi tó ti máa ń kọsẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló bá ibi tí ọmọ Ṣáínà tàbí ọmọ Faransé ti ń kọsẹ̀ mu. Èdè wa kò ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "think", ó sì ń di "tink" lẹ́nu wa. A kò ní "v", a kò ní "z", bẹ́ẹ̀ ni "van" ṣe ń di "fan" tí "zoo" ń di "soo". A kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ lé ara wọn, òun ló sọ "bread" di búrẹ́dì, tó sọ "school" di súkúù. "Ship" àti "sheep" sì ń jọra létí ọ̀pọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ etí àti ẹnu nìyẹn.

Ti gírámà tún wà lọ́tọ̀. "Ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin àti obìnrin, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń pe ìyá rẹ̀ ní "he" láìfura. "Wọ́n" la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ọmọ á sì kọ ọ́ sínú àròkọ pé "My father, they are sleeping." Àwa ń gbọ́ òórùn, òjò sì ń pa wá, ló bá di "I am hearing the smell" àti "Rain beat me". Ohun tó ń tún etí ọmọ ṣe lórí fóònù kò ní tún èyí ṣe, èyí tó sì ń tún gírámà ṣe kò ní la ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó, kì í sì í ṣe owó fóònù nìkan. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fàyè gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n lápò. Ẹ ṣírò dátà oṣù kan, ẹ ṣírò owó chájì tí iná kò bá sí, kí ẹ tó sọ pé nǹkan kan jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ tún wò ó bóyá nǹkan náà á ṣiṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ. Ìkẹyìn ni ẹni tó máa wà pẹ̀lú ọmọ. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ni kì í gbà kí ọmọ mú fóònù wá, nítorí náà ilé ni wọ́n á ti lò ó, lálẹ́, nígbà tó ti rẹ òbí.

Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì

Àwọn èèyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì rẹ̀ lè lo ọjọ́ mélòó kan, ó ní rédíò, púpọ̀ nínú wọn sì ń gba mẹ́mórì káàdì. Irú fóònù báyìí ni BBC fi kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì ní Bangladesh láti ọdún 2009, nínú ètò tí wọ́n pè ní BBC Janala. Nígbà náà, ẹni tó bá pe 3000 á gbọ́ ẹ̀kọ́ oníṣẹ́jú 3, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò ojú fóònù ńlá.

Níbi tiwa, mẹ́mórì káàdì ni ọ̀nà tí mo mọ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń da orin sí káàdì fún àwọn awakọ̀ ní gáréèjì lè da ẹ̀kọ́ BBC Learning English sí i náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní JSS3 láti lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó máa ń fi fóònù náà sí àpò àyà, á wọ abẹ́ ọkọ̀, á máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbi tó ti ń tú bóòtù. Etí rẹ̀ là ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì mi lọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè gbọ́ ọmọ. Ọmọ á gbọ́ títí, kò ní sí ẹni tó máa sọ fún un pé ibi báyìí lo ti ṣì í. Olùkọ́ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan àti gbólóhùn kan lójúmọ́, kí ọmọ fi gbólóhùn tirẹ̀ dáhùn. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọwọ́. Fún ẹnu, ẹ máa pè é.

Voice note lórí WhatsApp

Voice note, ìyẹn ohùn tí èèyàn gbà sílẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́, ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún jù, n ó sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Fóònù Android àlòkù tí ojú rẹ̀ ti sán pàápàá tó o. Voice note oníṣẹ́jú kan kì í tó 1MB, nígbà tí fídíò oníṣẹ́jú kan lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, voice note á dúró, á sì wọlé nígbà tó bá dé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń ka gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, mo á fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Kó tó di alẹ́ Àìkú, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ti gbọ́ ọ, á kà á padà ní ohùn ara rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà á wá dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lójú gbogbo ẹgbẹ́. Nítorí ẹ̀rín ni. Ọmọ tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan lè pa ẹnu mọ́ fún odidi sáà.

Ọmọbìnrin kan wà tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé kíláàsì mi. Voice note rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 9 lọ. "Tíríì tíífù" ló pè, níbi tí mo ti ka "three thieves". Mo fi Yorùbá dá a lóhùn: "Fi ṣóńṣó ahọ́n rẹ sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, jẹ́ kó yọ síta díẹ̀, kí o wá fẹ́ atẹ́gùn. Má jẹ́ kó kan òkè ẹnu." Voice note mọ́kànlá ló wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nínú ọ̀kan. Nínú òmíràn, àbúrò rẹ̀ ń sín in jẹ, àwọn méjèèjì ń fẹ́ atẹ́gùn láàárín eyín, kò tiẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Nínú ìkẹwàá, "three" jáde, ó mọ́ kedere. "Thieves" ṣì ń ṣòro nítorí "v" tó wà nínú rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ìkọkànlá pé, "Ẹ má bínú mà, mo ti yọ yín lẹ́nu jù." Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́. Odidi ọdún kan ni ọmọ yẹn fi wà níwájú mi.

Ẹ kíyè sí i pé Yorùbá ni mo fi ṣàlàyé. Àwọn òbí kan máa ń bínú sí i, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbà láti kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bí ọmọ kò bá mọ ibi tó yẹ kí ahọ́n rẹ̀ wà, èdè tó gbọ́ ni kí a fi sọ fún un.

Àwọn ìṣòro rẹ̀ kò kéré. Ó ń jẹ àkókò olùkọ́: bí ọmọ bá tó 30, gbígbọ́ àti èsì máa ń gbà ju wákàtí kan lọ. Ẹgbẹ́ WhatsApp tún máa ń yára kún fún àdúrà òwúrọ̀, fídíò ẹlẹ́yà àti ìpolówó ọjà. Mo ti tì í kó jẹ́ pé èmi nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni ààbò. Nínú ẹgbẹ́, nọ́ńbà ọmọ hàn sí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ìyá tàbí bàbá ni mo máa ń gbà, orí fóònù òbí ni ohùn ọmọ ti ń wá, òbí sì lè gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ. Olùkọ́ tó bá ní nọ́ńbà ọmọbìnrin nìkan lòun fẹ́, ẹ má fún un.

Duolingo

Áàpù tó ń kọ́ni ní èdè ni. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ máa ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀fẹ́ ni bí ẹ bá lè fara da ìpolówó. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fi Yorùbá kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ó ń fi Faransé kọ́ ọ, ó ń fi Lárúbáwá, Sípéènì àti Potogí kọ́ ọ. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu tàbí Sákétẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tó ń fi Faransé kàwé, lè jàǹfààní rẹ̀ ju ọmọ Ìbàdàn lọ. Ọmọ SS tiwa tó ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọrùn jù fún òun, kò sì kan ibi tó ń dun òun.

BBC Learning English àti fídíò YouTube

Láti 1943 ni BBC ti ń fi rédíò kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì hàn nínú iṣẹ́ wọn. 6 Minute English ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: àwọn méjì ń sọ̀rọ̀ lórí kókó kan, wọ́n á ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́fà, ohun tí wọ́n sọ sì wà ní kíkọ fún ẹni tó fẹ́ kà á tẹ̀ lé wọn. Fún ọmọ tó ń múra fún Paper 3 ti WAEC, níbi tí wọ́n ti ń dán ìró Gẹ̀ẹ́sì wò, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìpè àwọn ará Ìlú Ọba, ibí yìí ló sì ti máa gbọ́ ọ jù. Fún YouTube, ẹ gbé fídíò wá sí 144p, èyí tí àwòrán rẹ̀ kò mọ́ púpọ̀ tí kì í sì í jẹ dátà. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ rí, ẹ ò nílò kí àwọ̀ aṣọ tíṣà mọ́lẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, nítorí fídíò ẹ̀kọ́ kan ló máa ń fa fídíò orin mẹ́wàá lẹ́yìn.

uLesson àti áàpù ìbéèrè àtijọ́

uLesson jẹ́ áàpù ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀ wa, Sim Shagaya ló dá a sílẹ̀ ní 2019, ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ló sì ń tẹ̀ lé. Owó ni wọ́n ń san lé e. Ó yẹ ọmọ tí gbogbo iṣẹ́ ń dà láàmú, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni, mi ò ní san owó yẹn.

Áàpù ìbéèrè àtijọ́ wúlò fún JAMB ju bí àwọn olùkọ́ kan ṣe rò lọ. Ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 60 nínú 180, kò sí ẹni tó lè sá fún un, orí kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó yẹ kí ojú ọmọ mọ́ ọn kí ọwọ́ sì yá. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìdáhùn wọn wò. Áàpù kan wà tí mi ò ní dárúkọ, mo jẹ́ kí kíláàsì mi fi múra fún oṣù méjì. Ọ̀sẹ̀ tó kù díẹ̀ kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ni mo rí i pé ìdáhùn rẹ̀ lórí ibi tí ohùn ti ń tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kò tọ̀nà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọmọ kan ń bá mi jiyàn lórí rẹ̀, ó ní fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bíi 20 nínú ìdáhùn wọn wé ìwé kí ẹ tó gbé e fún ọmọ.

Ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti Google Translate

Ìwé ìtumọ̀ tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì yẹ kó wà lórí gbogbo fóònù, mi ò ní ìbéèrè lórí ìyẹn. Google Translate ti ń túmọ̀ Yorùbá láti 2013, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ fún ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé àwọn ọmọ kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n tẹ̀. Wọ́n á tẹ "oko" lásán, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ bóyá oko tí bàbá ń ro ni, tàbí ọkọ̀ tó ń wà, tàbí ọkọ́ tó fi ń ro ó, tàbí ọkọ ìyá wọn. Ó kàn máa mú ọ̀kan. Kí ọmọ má fi kọ àròkọ láéláé.

ChatGPT, Gemini àti irú wọn

Ẹ̀rọ tí èèyàn lè bi ní ìbéèrè, tó sì lè kọ odidi àròkọ fúnra rẹ̀, ni wọ́n. Ẹ̀rù wọn ń ba ọ̀pọ̀ olùkọ́. Ó bà mí náà nígbà tí ọmọ kan kọ létà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣakí, tí ìrì dídì sì ń bọ́ nínú létà náà. Ó hàn pé kì í ṣe òun ló kọ ọ́, kò tiẹ̀ kà á.

Síbẹ̀, òun nìkan nínú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí ló lè wo gbólóhùn ọmọ, kó sì ṣàlàyé ìdí tí "Rain beat me" kò fi dún dáadáa àti ohun tí òyìnbó máa sọ. Ní 2024, Báńkì Àgbáyé dán an wò ní Benin City: àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama fi Microsoft Copilot, tó jẹ́ irú ẹ̀rọ kan náà, kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá jáde, fún ọ̀sẹ̀ 6. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí kò bá wọn ṣe é lọ. Àmọ́ orí kọ̀ǹpútà ni, olùkọ́ sì wà nínú yàrá tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Ohun tó ń mú mi dákẹ́ díẹ̀ nìyẹn. Fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì láago mẹ́wàá alẹ́ kì í ṣe yàrá tí olùkọ́ wà.

Bí ẹ bá máa lò ó, ọmọ ni kó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Kó tó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kó kọ ọ́ pé: "Do not correct it. Show me the line with a mistake and let me try." Ìyàtọ̀ tí gbólóhùn yẹn ń mú wá pọ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Ọmọ tó lè kàwé ṣùgbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀: voice note, kí ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo sọ fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ nìyẹn. Mo fi WhatsApp àti ìwé ìtumọ̀ sórí fóònù náà, mo ní kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa gbé e fún ọmọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó bi mí pé ṣé kò sí nǹkan míì ni, ó ní owó gidi lòun ra fóònù yẹn.

Ọmọ iṣẹ́ tí kò ní dátà, tàbí àgbàlagbà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lójú iṣẹ́: fóònù onítọ́ọ̀ṣì àti mẹ́mórì káàdì. Ọmọ SS3 tí WAEC àti JAMB ku oṣù díẹ̀ fún: ìbéèrè àtijọ́ tí ẹ ti yẹ̀ wò, àti 6 Minute English kó tó sùn. Ọmọ Kétu: Duolingo láti inú Faransé, kó sì wá ẹnì kan tó lè máa bá a sọ ọ́. Ọmọ tó ń kọ dáadáa, tó fẹ́ kọ dáadáa sí i, tí ẹ̀gbọ́n tàbí òbí tó mọ Gẹ̀ẹ́sì sì wà nítòsí: ẹ fún un ní ChatGPT pẹ̀lú gbólóhùn tí mo kọ sókè yẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ọmọ márùn-ún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ voice note, kì í ṣe kíláàsì odidi. Ẹ mú àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Ẹ gba nọ́ńbà òbí wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ka gbólóhùn mẹ́rin péré lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì ti dá ẹni tó bá kọ́kọ́ fèsì lóhùn kó tó sùn.